Etí Tí Wọ́n Pa Lẹ́nu Mọ́

Àṣá-irin tí ó já lé àpáta Òkè-Ìgbànlá kò ní àléébù kankan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, epo sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo aago tó ń fi ipò ọkọ̀ hàn níwájú awakọ̀ ni ó ń sọ òtítọ́ títí ó fi forí sọ òkúta. Láníyì tí ó ń wà á kì í ṣe ọ̀mùtí, kò sì sùn lọ. Síbẹ̀, ó kú.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí ayé ti rí nígbà náà. Òjò ti wó gbogbo afárá tí ó so àwọn ìlú orí òkè mọ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀, kùrukùru sì ti fi òkè ṣe ilé, àfi ìgbà díẹ̀ nínú ọdún. Ọkọ̀ òfurufú kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní àṣá-irin, ni ìdílé kọ̀ọ̀kan fi ń rìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ ọ́n wà bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ inú kùrukùru láìní ìwé-àṣẹ ìfaagofò, èyí tí í ṣe ẹ̀rí pé awakọ̀ lè fi aago nìkan fò láìfi ojú rí ilẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Láníyì ní ìwé-àṣẹ yìí. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ kan ni ó ti gbà á, níbi tí oòrùn ti ń ràn lójoojúmọ́. Aṣọ ni wọ́n fi ń bo fèrèsé níbẹ̀ kó lè dà bíi pé kùrukùru wà níta. Kò wọ inú kùrukùru gidi rí títí ó fi padà sílé.

Ọ̀mọ̀wé Gbọ́lágadé, tí ó ń ṣèwádìí ìjàǹbá òfurufú, ni ó wá jábọ̀ fún ẹbí. Ìbídùnní, ìyàwó olóògbé, jókòó ti bàbá rẹ̀, Olóyè Akínmọ́lá. Ọ̀mọ̀wé jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ tọ́jú. Ohùn Olóyè ló kọ́kọ́ jáde, tí ó ń kí àna rẹ̀ lórí rédíò. Ohùn Láníyì tẹ̀ lé e: "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá." Lẹ́yìn náà ni ó kígbe pé òun ń ta òkìtì.

"Kò ta òkìtì kankan," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "Ó ń yí àṣá-irin lọ́wọ́ nígbà tí ẹ kí i, ó sì tẹríba fún yín bí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré. Omi kan wà nínú etí ènìyàn tó ń sọ ibi tí òkè wà àti ibi tí ilẹ̀ wà. Bí orí bá tẹ̀ lójijì níbi tí ọkọ̀ ti ń yí, omi yẹn á dàrú. Láníyì gba etí gbọ́, kò gba aago gbọ́."

"Ìkíni mi ló pa á?" ni Olóyè bèèrè.



Ìbídùnní kò ráyè sunkún tó bó ṣe yẹ. Àríkẹ́, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ní àrùn kíndìnrín, ilé ìwòsàn pẹ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ti lè fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Awakọ̀ Ṣówándé, ará àdúgbò tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ló ń gbé e lọ láti ìgbà tí Láníyì ti kú. Ìjọba ti kìlọ̀ fún un pé wọn yóò gba ìwé-àṣẹ rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ìbídùnní mọ ọkọ̀ náà wà lójú ọjọ́ tó mọ́, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kì í sábà mọ́.

"Ibo ni kí n ti lọ kọ́ ọ?" ó bi Ọ̀mọ̀wé.

"Áyálándì dára. Kùrukùru gidi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ni títí etí á fi purọ́ tí awakọ̀ kò ní dá a lóhùn. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì wà ní Hálfídà, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé. Kí àgbàdo tó gbó, ẹ ti padà dé."

"Kí ni wọ́n ń ṣe tó fi yá bẹ́ẹ̀?" Olóyè dá sí i.

"Wọ́n ń gbin hóró abẹ̀mí kan sínú etí. Ìdákẹ́-etí ni wọ́n ń pè é. Etí á ṣì máa gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ ibi tí òkè wà mọ́. Aago nìkan ni awakọ̀ á máa gbọ́ tirẹ̀."

"Ẹni tí Ọlọ́run dá pé, wọ́n fẹ́ dín in kù!"

"Olóyè, etí tí Ọlọ́run dá ló ṣi Láníyì lọ́nà," ni Ọ̀mọ̀wé wí.

"Ẹ jẹ́ ká fòfin de ìkíni lórí rédíò nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má kí ẹnikẹ́ni lókè mọ́."

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin náà, Olóyè? Ọmọkùnrin tó dá yín lóhùn 'hẹn' lórí rédíò níjọ́sí, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí wọ́n lọ pe bàbá rẹ̀ wá?"

Ẹnìkan nínú ẹbí fọwọ́ bo ẹnu kó má baà rẹ́rìn-ín. Olóyè tẹjú mọ́ Ọ̀mọ̀wé.

"Gbọ́lágadé, o ti rí àwọn tí wọ́n gbìn ín sí létí?"

"Mo ti rí wọn tí wọ́n ń fò, sà. Kò sí awakọ̀ tó dà bíi wọn."

"Nílẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀mọ̀wé wo ojú fèrèsé. "N kò tíì bá wọn pàdé nílẹ̀."

"Bàbá mi," Ìbídùnní wí, "ọdún kan ti pọ̀ jù fún Àríkẹ́. Hálfídà ni mo ń lọ."

Ó lọ, wọ́n gbìn ín sí i létí, ó sì padà dé lásìkò. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, Olóyè bá wọn lọ. Kùrukùru bo fèrèsé bí òwú. Ó dá bàbá àgbà náà lójú pé wọ́n ti dorí kodò. Òógùn bò ó, ó di ìjókòó mú. Níbi tí wọ́n ti ń yípo, ẹ̀rù mú kó gbàgbé ara rẹ̀.

"Ìbídùnní, o kú iṣẹ́ o!"

Ọmọ rẹ̀ tẹríba títí àgbọ̀n rẹ̀ fi kan àyà. Olóyè pa ojú dé, ó ń retí àpáta. Àṣá-irin kò mì. Nígbà tí ó la ojú, ilé ìwòsàn wà nísàlẹ̀ wọn, oòrùn ń ràn sí orí òrùlé rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i, Bàbá mi?" Ìbídùnní wí. Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tí ń ka ìròyìn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí Ṣówándé fi gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ara Àríkẹ́ ń le sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ọgbà ilé wọn pàápàá, débi pé ènìyàn kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìbídùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àṣá-irin balẹ̀ ni. Ó pọn ọmọ, ó sì kọrí sí ilé.

Igbe Àríkẹ́ ló mú Olóyè sáré jáde. "Màámi, ẹ dìde! Ẹ dìde!"

Ó bá ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, Àríkẹ́ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọ̀já. Ẹsẹ̀ Ìbídùnní ń rìn. Ó ń gbé ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ó ń ha ilẹ̀, ojú rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Nígbà tí ó rí bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ fi dùbúlẹ̀?"

Olóyè tú ọ̀já, ó sì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Gbọ́lágadé pe Hálfídà lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n dá a lóhùn láìjanpata pé etí tó bá ti dákẹ́ kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Níbi tí ojú bá ti rí nǹkan, ojú á tọ́ ẹni náà sọ́nà. Nínú òkùnkùn àti nínú kùrukùru, aago ni, kò sì sí aago lára ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn awakọ̀ wọn kì í sábà wà nílẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò bèèrè rí.

Ọmọ gbọ́dọ̀ lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sì sí awakọ̀ mìíràn. Láti ìgbà náà, Olóyè ló ń pọn Àríkẹ́ wá sí ìdí àṣá-irin. Ó máa ń bá Ìbídùnní nínú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló sì ń sùn, tí aago gbogbo ń tàn sí i lójú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere tí kùrukùru ká kúrò pátápátá, Olóyè lọ ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó na ọwọ́ sí i.

"Sọ̀ kalẹ̀ wá, ọmọ mi. Ojú ọjọ́ ti mọ́. Àríkẹ́ ní kí o wá pọn òun."

Ìbídùnní wo ilẹ̀. Ó fà sẹ́yìn, ó sì so bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ le sí i.

"Ẹ ṣàánú mi, Bàbá mi. Ilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù."