Páìpù Tí A Fi Gbé Ọ̀pá Ìwọ̀ Bàbá Wa

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. Ohun tí mo fẹ́ rò yìí ṣẹlẹ̀. Ojú mi ló ṣe. Mi ò mutí, ibà ò mú mi, mi ò sì lálàá. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta lórí páànù. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó kọ́kọ́ lọ bi ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, bí kò bá ní máa wolẹ̀.

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ìyẹn ṣáájú.

Púlọ́mbà ni mí. Obìnrin ni mí, púlọ́mbà sì ni mí; ẹni tí ìyẹn bá ń dùn, kó máa lọ pọnmi lódò. Bàbá wa ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló yẹ kó jogún irinṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò lè fara da òórùn omi ìdọ̀tí, ló bá lọ kọ́ aṣọ rírán. Ó mọ̀ ọ́n rán, mi ò ní torí ìbínú sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ó sì ṣàkíyèsí pé mi ò pè é ní "wọ́n" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà tó bá sọ òótọ́, màá dá ọ̀wọ̀ rẹ̀ padà fún un. Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ wà: páìpù tèmi lápá kan, maṣíìnì tiẹ̀ lápá kejì.

Bàbá wa fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ìwọ̀ pẹja ju oúnjẹ lọ. Ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sódò, wọn ò sì padà wálé. A bá méjì létí omi, wọ́n dúró ṣánṣán nínú ẹrẹ̀. A ò rí ẹ̀kẹta. A ò rí bàbá wa. Àwọn òmùwẹ̀ wá inú odò yẹn títí, wọn ò rí bàtà, wọn ò rí fìlà.

Ẹ̀gbọ́n mi ní wọ́n sá lọ ni, pé wọ́n á ti níyàwó síbòmíràn. Ìyá wa ní irọ́ ni: omi kò gbé wọn, wọn ò sì sá, wọ́n wà níbì kan. Ọdún ń gorí ọdún, Màmá ò kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi ò sọ nǹkan kan. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi ni mo sún mọ́ bàbá wa jù, èmi náà ni mi ò mọ ohunkóhun.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí èmi àti bàbá wa bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé alájà púpọ̀, èmi á wà nísàlẹ̀ nídìí omi, àwọn á wà lókè. Bí a bá pariwo, a ò lè gbọ́ra. Nítorí náà, sípánà ni bàbá wa fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá kan páìpù lẹ́ẹ̀kan, kí n ti omi. Bí wọ́n bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí n ṣí i. Èmi náà á kàn án padà bákan náà, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo ti gbọ́. Àárín àwa méjèèjì lèyí wà. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n, Màmá ò mọ̀ ọ́n.

Ó wá di pé Màmá kó lọ sọ́dọ̀ Àǹtí, àbúrò wọn, ní ìlú tó jìnnà díẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé kí a kó ọ̀pá ìwọ̀ bàbá wa wá, pé oorun ò kun àwọn tí wọn ò bá rí wọn nítòsí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká so wọ́n mọ́ orí ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá ìwọ̀ ni, kì í ṣe igi ìdáná."

"Kí lo wá fẹ́ ṣe sí i, Ìyá Páìpù?"

"Ilé ni màá kọ́ fún un."

Páìpù rọ́bà ni mo lò, èyí tó fẹ̀ tó ọwọ́ tí èèyàn là sílẹ̀. Mo tẹ́ àwọn ọ̀pá náà sílẹ̀, mo wọ̀n wọ́n, mo fi díẹ̀ lé e kí orí wọn má baà gún nǹkan, mo fi ayùn gé páìpù. Mo fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀ títí tó fi dán. Mo gé fóòmù tẹ́ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rán àpò gígùn kan tó máa wọ inú páìpù, ó pín in sí ojú méjì, ọ̀pá kan nínú ojú kan, kí wọ́n má baà máa gbá ara wọn.

Àmì ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni pé òwú pupa ló fi ń dí ìparí ohunkóhun tó bá rán, ì báà jẹ́ aṣọ funfun báláú. Bó ṣe dí ojú kejì tán, òwú pupa tán. Ó sọ róòlù òfìfo náà lù mí.

"Wò ó! Bàbá rẹ ti jẹ òwú mi tán."

A rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì la rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí òwú yẹn o.

Mo fi ọ̀pá méjèèjì sínú àpò náà, mo tì í bọ inú páìpù. Ìdérí tí wọ́n ń lọ́ ló yẹ kí n fi sí ẹnu ibi tí a ó ti máa ṣí i. Ó wà níwájú mi lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ púlọ́mbà ò mọ̀ ju ohun kan lọ: bó bá ti rí ẹnu páìpù, gọ́ọ̀mù ló kàn. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí mọ́ ẹnu méjèèjì pa. Kò sí ṣíṣí mọ́, àfi kí a fi ayùn gé e. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìbàdí mú.

"Ṣé omi lo fẹ́ fà gba inú ẹ̀ ni?"

Ó padà sídìí maṣíìnì. Mo ń nu gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Maṣíìnì dúró. Àdúgbò dákẹ́ wẹ́lo. Mo gbọ́ ọ.

Kó. Kó.

Ọwọ́ mi mú sípánà. Mo kàn án padà lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe máa ń ṣe é fún bàbá wa nìyẹn, mi ò tilẹ̀ rò ó. Ẹ̀yìn náà ni mo tó rántí pé páìpù tó wà níwájú mi ò so mọ́ nǹkan kan. Orí tábìlì ló wà.

"Ta ló ń kàn?" Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti yí padà.

"Páìpù ni."

"Páìpù wo?"

Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó tutù, bí ìgbà tí omi bá ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi wá síbẹ̀. Òun náà fọwọ́ kàn án. Ó yára fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Oòrùn ni," ó ní. "Páìpù máa ń ró bí oòrùn bá pa á."

Mo gbà. Mo fẹ́ gbà ni.

Àwa méjèèjì la gbé e wọ ọkọ̀ èrò, ó gùn lórí itan wa látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹlòmíràn ò fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ti yà, nǹkan á ṣàn nínú rẹ̀ láti ẹnu kan dé èkejì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó kọjú sí fèrèsé.

Nínú pálọ̀ Àǹtí ni mo ti gé e. Màmá jókòó sórí àga, wọ́n ká ọwọ́ lé itan. Ẹ̀gbọ́n mi di ìdí páìpù mú, mo fi ayùn gé ẹnu. Omi ò dà jáde. Òórùn odò ló jáde: ẹrẹ̀, ewé jíjẹrà, òórùn ẹja tútù. Àǹtí fi ọwọ́ bo imú. Mo fa àpò náà, ó wúwo, ó rin gbindin.

Ojú mẹ́ta ló ní.

Mo kà á. Mo tún un kà. Ojú mẹ́ta, ọ̀pá mẹ́ta. A fi òwú pupa dí ìparí ojú kẹta, bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń dí i gẹ́lẹ́. Mo rí i tó fi àtàǹpàkò pa ojú rírán yẹn. Télọ̀ mọ ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ bí ìyá ṣe mọ ọmọ.

Màmá dìde. Wọ́n fa ọ̀pá kẹta yọ. Wọ́n ti fi àlòkù aṣọ búlúù wé ibi ìdìmú rẹ̀, wọ́n sì ta á ní kókó kan tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo wa la mọ kókó yẹn. Màmá ló ń ta á bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló wé e fún bàbá wa.

Wọ́n di ibi ìdìmú náà mú.

"Ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́," wọ́n ní.

Mi ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá tó tinú omi jáde ni wọ́n ní ó lọ́wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀.

Màmá wá gbójú sókè, èmi ni wọ́n wò. Wọn ò wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Níbo ni bàbá rẹ wà?"

"Màmá, mi ò mọ̀."

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Ìwọ lẹ jọ ń rìn. Láti ìgbà wo lo ti ń rí i?"

"Màmá! Méjì ni mo fi sí i. Ojú ẹ̀gbọ́n ni mo ṣe lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn! Ẹ sọ bí òwú ṣe tán! Ẹ sọ bí páìpù ṣe kàn!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Òun ló lẹ̀ ẹ́. Ẹ bi í."

Háà! Ọmọ ìyá mi! Ẹni tó sọ róòlù òfìfo lù mí lórí! Ó rọrùn fún un kí èmi di olè àti ọ̀dàlẹ̀ ju kó gbà pé ọwọ́ òun rán ohun tí òun ò rán. Mo pariwo nínú pálọ̀ yẹn títí ohùn mi fi há. Mo ní kí wọ́n wo òwú. Mo ní kí wọ́n wo kókó. Màmá kàn ń fi ọwọ́ pa aṣọ búlúù yẹn, omi ń kán sí ẹsẹ̀ wọn.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ń sunkún," wọ́n ní, "ìwọ mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Ọmọ wọn ni mí. Ta ló ń nu ojú wọn nígbà tí wọ́n ń sunkún yẹn?

Mo jáde. Mo ra páìpù tuntun nílé ìtajà tó wà níwájú òpópónà. Mo gé e nínú àgbàlá Àǹtí, ojú gbogbo wọn ni mo ṣe é. Mi ò fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Mo ní kí Àǹtí yọjú sí i, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ lódìkejì. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí mọ́ ẹnu méjèèjì. Mo gbé e síwájú Màmá, mo gbé ayùn lé e.

"Òfìfo ni. Ìgbà tó bá wù yín, ẹ gé e. Bí ẹ bá bá òfìfo níbẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé mi ò parọ́ fún yín rí."

Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, wọn ò dá mi lóhùn. Látìgbà náà ni wọn ò ti pè mí, àfi àná.

Ọ̀sán ni. Mo dá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi ti kó maṣíìnì rẹ̀ lọ síbòmíràn. Fóònù dún.

"Páìpù yẹn ń kàn," Màmá ní. Kò sí ẹ kú ọ̀sán, kò sí ṣé dáadáa ni.

"Páìpù wo, Màmá?"

"Èyí tí o fi sílẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń kàn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń kàn?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Á dákẹ́. Á tún kàn."

Mo jókòó.

"Bàbá rẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀," wọ́n ní, "ìwọ náà á sì dá a lóhùn. Mo máa ń gbọ́ yín bí ẹ bá ń tún omi ilé wa ṣe. Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?"

Ọwọ́ tí èèyàn là sílẹ̀ ni ìbú páìpù yẹn ò jù lọ. Kí ló lè wà níbẹ̀ tó fẹ́ jáde? Bó bá sì jẹ́ bàbá wa ni, kí ló ṣe wọ́n tí wọn ò kan ilẹ̀kùn bí èèyàn, kí gbogbo ilé lè rí wọn, kí orúkọ mi lè mọ́? Inú bí mi sí wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látọjọ́ tí wọ́n ti lọ.

"Oòrùn ni, Màmá. Páìpù máa ń ró bí oòrùn bá pa á."

"Inú yàrá ló wà." Ohùn wọn rọlẹ̀. "Ayùn ti wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi, kí ló ń sọ?"

Mo gbọ́ ọ lẹ́yìn ohùn wọn, nínú fóònù. Kó. Kó. Mo bojú wolẹ̀, sípánà ti wà lọ́wọ́ mi kejì. Mi ò mọ ìgbà tí mo mú un.

"Mi ò mọ̀, Màmá," mo ní. "Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀."

Gbogbo ìgbà yìí ni mo ti ń pariwo fún ayé gbọ́ pé mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún ìyá mi. Òótọ́ sì ni mò ń sọ, títí di àná.