Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Tí Ìyá Àgbà Kọ̀ Láti Wọ̀

Ọmọ náà kò ṣàìsàn. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹnu tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó jẹun láàárọ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí bọ́ọ̀lù, ó sì fi ẹ̀rín wọ ẹ̀yìn mọ́tò nígbà tí ìdílé ń lọ kí àwọn ẹbí lọ́nà jíjìn. Òjò ń rọ̀ nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Wọ́n gbé gbogbo wíńdò sókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó níwájú pẹ̀lú ìyá wọn, ọmọ sùn lọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n délé, ìyá rẹ̀ ní kó dìde, kò dìde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n kò sí èémí nínú rẹ̀ mọ́.

Dókítà ní ọkàn ọmọ náà ló dáwọ́ dúró.

"Ọkàn òkú wo ni kì í dáwọ́ dúró?" ni bàbá ọmọ náà bi í. Olùkọ́ ni bàbá yìí, Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Dókítà yíjú sí aláìsàn mìíràn.

Iṣẹ́ aránṣọ ni ìyá ọmọ náà ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì dojú kọ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn láì rán nǹkan kan, yóò máa wo mọ́tò. Ó ń sunkún ọmọ rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tí kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló yan mọ́tò yẹn.

Tíṣà fẹ́ ra tuntun. Inú ọgbà alágbàtà mọ́tò ni gbogbo wọn dúró sí lọ́jọ́ náà, láàárín ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì tí iye owó wọn kò jura lọ. Tuntun náà funfun, kò ní ariwo nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ há díẹ̀, kò sì ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Àlòkù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pupa, ó ń dán yinrin. Àga aláwọ ló wà nínú rẹ̀, bùútù rẹ̀ fẹ̀ tó láti kó aṣọ àwọn oníbàárà, kápẹ́ẹ̀tì tuntun sì wà nílẹ̀ rẹ̀. Aránṣọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ báyìí, ó na ẹsẹ̀, ó ti rí ara rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ra tuntun," ni ìyá Tíṣà sọ. "Ta ló mọ ohun tó lé ẹni tó ni èyí tẹ́lẹ̀ kúrò nínú rẹ̀?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. "Màmá, kẹ̀kẹ́ lásán ẹ ò gùn rí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ mọ́tò sílẹ̀ fún àwọn tí ojú wọn ti là."

Alágbàtà bá a rẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyàwó rẹ̀ títí, ó ní, "Ó dáa. Àlòkù náà la ó rà. Ṣùgbọ́n bí ohunkóhun bá ti inú ẹ̀ jáde, ìwọ ni màá bi."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyá àgbà wọ mọ́tò náà. Ikọ́ fée ti ń bá a jà láti ìgbà èwe, wọn ò sì tíì kúrò ládùúgbò tó fi di àyà mú tó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tó bá rí àwọn ọmọ lẹ́yìn ọkọ̀, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Ẹ má gbé àwọn ọmọ mi sínú nǹkan yìí o." Wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Nígbà tí ọmọ wá kú, ọ̀rọ̀ yẹn di egungun tí gbogbo ajá àdúgbò ń jà lé lórí.

Onídìrí ló kọ́kọ́ gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà ni obìnrin yìí, bàbá kan náà ló bí wọn, ṣùgbọ́n ìyá wọn yàtọ̀. Ìyá tirẹ̀ ti kú tipẹ́, orogún ìyá àgbà ni, kò sì sígbà kan tí Onídìrí gbà pé ikú náà kò lọ́wọ́ ayé nínú.

"Ìyàwó wa," ó ní, ó fa àga, ó jókòó láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, "nínú gbogbo ilé yìí, ta ni kì í wọ mọ́tò yẹn?"

Aránṣọ yíjú síbi tí mọ́tò wà.

"Ta ló ń sọ pé kí ẹ má gbé ọmọ sínú ẹ̀? Kí ló rí tí ẹ̀yin ò rí?"

"Ikọ́ ló ń ṣe Màmá, Àǹtí."

"Ikọ́. Ìyá tèmi náà, ikọ́ ni wọ́n ní ó pa á. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Tó bá jẹ́ ìwọ lo di nǹkan sínú ọkọ̀, ṣé wàá wọ̀ ọ́?"

Ẹ jẹ́ n má purọ́ fún yín: ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Aránṣọ nínú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sùn dé òwúrọ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti kú. Bó bá jẹ́ àjẹ́ ló pa ọmọ, a jẹ́ pé mọ́tò kọ́. Bí kì í bá sì ṣe mọ́tò, kò sẹ́ni tó máa bi ẹni tó yàn án ní nǹkan kan.

Àjálù kì í dá rìn. Àkọ́bí wọn obìnrin, ẹnìkan ṣoṣo tó kù, bẹ̀rẹ̀ sí í ké orí fífọ́ nígbàkígbà tí bàbá rẹ̀ bá fi mọ́tò gbé e dé láti ilé ìwé. Ó tilẹ̀ dákú lọ́jọ́ kan lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn náà, oyún tó wà nínú Aránṣọ bàjẹ́. Òwìwí kan tún wá sọ òrùlé ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí di ilé, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, yóò bà síbẹ̀, yóò máa yí orí kiri. Eku ló ń ṣọ́, nítorí àgbàdo tí ará ilé kejì kó síbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eku? Wọ́n ní ẹyẹ ìyá àgbà ni. Àwọn obìnrin tó ń ra iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò rà mọ́. Ọmọ tó bá kí i, ìyá ọmọ náà yóò fà á létí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, igbe Onídìrí la àdúgbò já. Gbogbo èèyàn sáré jáde, wọ́n bá ìyá àgbà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí mọ́tò, ó ń ki aṣọ bọ ihò tí èéfín ń gbà jáde. Onídìrí fa aṣọ náà yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Etí ìró ìyá àgbà ni, ó ya á lára èyí tó ró mọ́dìí.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀, Màmá?" Tíṣà béèrè.

"Mo fẹ́ kó má lè ṣiṣẹ́ mọ́ ni. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ò ní gbé ọmọ tó kù sínú ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ o," ni Onídìrí wí. "Ọmọ tó kù. Ó ti ń kà wọ́n."

"Màmá, ìyá mi ni yín. Ẹ sọ fún mi pé irọ́ ni wọ́n ń pa."

"Ọmọ mi, mọ́tò yìí ò dáa."

"Mi ò bi yín ní ti mọ́tò."

Ìyá àgbà wo ojú ọmọ rẹ̀, kò rí ẹni tó bí níbẹ̀. Ó di ìyókù ìró rẹ̀ mú, ó wọlé lọ. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ti yàrá mọ́ ọn láti ọjọ́ náà, abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n sì ń ti oúnjẹ rẹ̀ gbà.

Onídìrí ní oògùn gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n tú u. Tíṣà lọ síbi iṣẹ́, Aránṣọ nìkan ló tú u. Ó wá inú bùútù, ó wá abẹ́ àga iwájú, kò rí nǹkan. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ó ká kápẹ́ẹ̀tì. Pákó pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn tó ta ọkọ̀ ló tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó gbé pákó kúrò, ó sì rí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Irin ìsàlẹ̀ mọ́tò ti dógùn-ún, ó ti jẹra, ihò tó gba ìkúùkù ló wà níbẹ̀. Páìpù èéfín kọjá lábẹ́ ihò náà, ó sì ti ṣẹ́ sí méjì níbẹ̀ gan-an. Gbogbo etí ihò dúdú fún èédú.

Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ó padà wá tẹjú mọ́ ọn. Èéfín rọra ń gòkè wá síbi tí orí ọmọ rẹ̀ wà lọ́jọ́ òjò yẹn. Kò pẹ́ tí orí tirẹ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́.

Ó yẹ kó sáré lọ bá ọkọ rẹ̀. Ó tilẹ̀ ti dìde. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn Tíṣà létí ara rẹ̀: ìwọ ni màá bi. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó dá pákó padà, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e dáadáa, ó fi ọwọ́ tẹ́ etí rẹ̀ bí ẹni ń ṣẹ́tí aṣọ.

"Ṣé o rí nǹkan?" Onídìrí bi í.

"Mi ò rí nǹkan kan."

"O ò lè rí i. Ojú lásán kọ́ ni wọ́n fi ń rí i."

Aránṣọ sọ fún ara rẹ̀ pé òun máa dọ́gbọ́n gbé mọ́tò lọ fún mẹkáníìkì, wọ́n á jó irin bò ó, ọ̀rọ̀ á sì kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Onídìrí ti yára jù ú lọ. Ó ti ránṣẹ́ pe Aríran.

Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni Aríran, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó ń tajà. Ó yí mọ́tò náà po, ó fi ọwọ́ kan òrùlé rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó so ó ni yóò tú u. Ẹ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ ti gbogbo wíńdò kí ẹyẹ rẹ̀ má rí ọ̀nà jáde, ẹ máa gbé e yí ẹ̀yìn ìlú títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí kò bá mọwọ́ mẹsẹ̀, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Wọ́n mú ìyá àgbà jáde. Ó rí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Kò bẹ Onídìrí, kò bẹ ọmọ rẹ̀. Iwájú Aránṣọ ló ti kúnlẹ̀, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó mi, bá mi bẹ̀ wọ́n. O mọ bí àyà mi ṣe rí. Kò ní gbà á."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n Aránṣọ. Gbólóhùn kan ni, kò gùn rárá. Ó wo ojú èrò, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, pé ọ̀nà náà kò jìn.

"Màmá," ó ní, "bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, kí lẹ ń bẹ̀rù?"

Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀. Onídìrí ti yọ irin tí wọ́n fi ń yí wíńdò ẹ̀yìn sílẹ̀. Tíṣà bọ́ sídìí ọkọ̀, kò wẹ̀yìn, ó wà á lọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn, ó ṣubú jáde, ó ń bì. Ìyá àgbà fi orí ti gíláàsì. Èékánná rẹ̀ ti ya awọ ilẹ̀kùn síbi tí irin wíńdò wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bíi ti ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìwẹ̀. Aránṣọ mọ àwọ̀ yẹn, ó yíjú kúrò.

"Ó ti tú u," ni Aríran wí. Èrò pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ní bàbá ọmọ náà kúkú ṣe ọkùnrin. Tíṣà nu ẹnu rẹ̀, ó bú sẹ́kún, kò sì sí ẹni tó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nínú gbogbo àwọn tó ń yọ̀.

Láti ọjọ́ náà, àwọn èèyàn kò yé wá wo mọ́tò tó pa àjẹ́. Àyè kò gba Aránṣọ láti gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kankan. Ẹsẹ̀ ló ní kí ọmọ rẹ̀ máa fi rìn lọ sílé ìwé, ó ní ara rẹ̀ nílò ìdárayá. Ìyẹn náà kò pẹ́. Tíṣà ti gba àyè fún ọmọ náà ní ilé ìwé tí wọ́n ń gbé sùn, ìlú náà sì jìn.

"Ẹ jẹ́ kó wọ ọkọ̀ èrò," ni Aránṣọ wí láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ.

"Kí la wá ra mọ́tò fún? Ó ti mọ́ báyìí."

Ọmọ gbé àpótí rẹ̀ wọ ẹ̀yìn, níbi tí Tíṣà ti dá irin wíńdò padà sí. Onídìrí wá dágbére fún un. Òjò ṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta sílẹ̀, Tíṣà ṣáná sí ọkọ̀, ó ní, "Gbé wíńdò sókè, kí aṣọ ẹ má tutù."

Aránṣọ rí gíláàsì tó ń gòkè níwájú ojú ọmọ rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó fa ilẹ̀kùn ya, tó wọ́ ọmọ náà sórí ilẹ̀. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó fa pákó, ó jù ú sí ẹrọ̀fọ̀. "Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ wá wò ó."

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ihò náà pẹ́. Èéfín gòkè bá a lójú. Olùkọ́ ni, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

"Ìyá mi sọ fún wa," ó ní. Nígbà tó gbé orí sókè, kò bínú, ojú rẹ̀ kàn ṣófo ni. "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Ó fẹ́ sọ pé òní ni.

"Má wulẹ̀ purọ́. Ọwọ́ rẹ ò wá a kiri. Tààrà ló lọ síbẹ̀."

"Kí Aríran tó dé ni," Aránṣọ wí.

"Kí n tó gbé ìyá mi síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Òjò wá ń rọ̀ gan-an. Ẹ́ńjìnnì kò tíì kú. Tíṣà ti ìjókòó ẹ̀yìn padà sáyè, ó fi ọwọ́ nu omi orí rẹ̀, ó sì di ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ mú fún ìyàwó rẹ̀.

"Wọlé," ó ní, pẹ̀lú ohùn tó fi ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Aránṣọ wo ojú Onídìrí, ó ń wá ẹni tó máa bá a bẹ̀ ẹ́. Onídìrí di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó mú un wọ inú ilé, ó sì padà jáde wá ti ilẹ̀kùn kejì ọkọ̀ náà.