Ẹ Bi Bàbá Fúnra Wọn

Ní Ìwàrò-Ọ̀kà, kò sẹ́ni tí kò mọ àgbo ibà Limota. Láti Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti ń wá gbà á, inú obìnrin náà a sì máa dùn ṣìnkìn. Nígbà tí ẹyinjú Àmúsà ọkọ rẹ̀ pọ́n bí èso ìyeyè láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rín ló rín, ó gbé ìkòkò kaná.

"Bàbá Muhydeen, ibà pọ́njú lásán ni. Ọjọ́ mẹ́ta, ó ti lọ."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Ìtọ̀ bàbá dúdú bíi tíì, ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ara ń yún un, ṣòkòtò ń bọ́ nídìí rẹ̀. Ẹ̀rù wá ba Limota. Àgbo tó fi ń yangàn kò ṣiṣẹ́.

Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù n'Ìkàrẹ́. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fi hàn pé jẹjẹrẹ wà lára ẹ̀yà kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn ikùn, èyí tó ń ṣe omi tí í mú kí oúnjẹ dà nínú. Dókítà Bísọ́lá ní iṣẹ́ abẹ ńlá ló kù, ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti máa ń ṣe é léraléra. Bí wọ́n ti máa ń ṣe nílé wọn, Muhydeen àkọ́bí ló gbẹnu bàbá sọ̀rọ̀.

"Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin? Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé bàbá wa. Wọ́n ti dàgbà jù."

"Ọjọ́ orí nìkan kọ́ là ń wò," ni dókítà fèsì. "Ọkàn wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n ń dá rìn, jẹjẹrẹ náà ò sì tíì tàn dé ibòmíì. Ewu wà níbẹ̀ o, àwọn kan kì í là á já, àgbàlagbà a sì máa pẹ́ kó tó gbádùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń là á já. Ṣé ẹ ti bi bàbá fúnra wọn?"

Limota wojú Muhydeen. Wọn ò bi í.

Àmúsà túnra ṣe lórí àga. "Ọ̀ọ́dúnrún ebè ni mo kọ lọ́dún yìí, Muhydeen. Ìwọ mélòó lo kọ? Dókítà, mo ti gbọ́ ewu ẹ̀. Ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún mi."

Limota fẹ́ẹ̀ sunkún, síbẹ̀ orí rẹ̀ wú.

Wọ́n ṣe é. Kò rọrùn rárá. Àmúsà lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ kọ̀ kò lọ, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà sì bá a délé, nítorí ẹ̀yà tí wọ́n gé lára rẹ̀ náà ló ń ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Dókítà ò fi bò pé jẹjẹrẹ náà lè padà, nítorí náà oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ń lọ fún àyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fi mu àgbo yẹn ṣì ń dun Limota dọ́kàn.

Lọ́jọ́ Iléyá ọdún tó tẹ̀lé e, Àmúsà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé yídì. Limota gbé ẹní tẹ̀ lé e, ó ń wojú gbogbo ayé bí ẹni pé òun ló bí i. Obìnrin kan fà á láṣọ lójú ọ̀nà.

"Ìyá, ojú ọkọ mi pọ́n. Ẹ bá mi se àgbo yín."

"Ọsibítù ni kí o gbé e lọ," ni Limota dá a lóhùn. "Lónìí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ojú àgbà ilé yín bá pọ́n tí ìtọ̀ wọn sì dúdú, ẹ má dúró de ìkòkò. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ẹ má fi ọjọ́ orí dá ẹjọ́ fún wọn. Àwọn ló ni ara wọn. Ẹ bi wọ́n.