Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Níbí?

Ọ̀sán ọjọ́ òjò ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé, omi ń kán lára rẹ̀ tótó, àmọ́ ìwé tó fi ọ̀rá wé mọ́ àyà gbẹ táútáú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè ka ìwé ọwọ́ tí kò dáa?"

"Ẹ gbé e wá ná," ni mo dá a lóhùn. "Bí kò bá ti í ṣe ti dókítà."

Ó rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe dẹni tó ń tẹ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé fún Tíṣà nìyẹn.

Yunifásítì ló ti ń kọ́ni. Ìwé rẹ̀ dá lórí eré orí ìtàgé àwọn ará Yúróòpù, ti nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀kọ́ àtijọ́ ń sọjí lọ́dọ̀ wọn. Nínú àwọn eré náà, ìránṣẹ́ á wọ ẹ̀wù ọ̀gá, gbogbo ayé á sì máa forí balẹ̀ fún un. Obìnrin á wọ ṣòkòtò, bàbá tó bí i gan-an ò ní dá a mọ̀. Tíṣà wá kọ ọ́ sí orí kẹta pé kò sí ẹnì kankan lábẹ́ aṣọ: ohun tí ayé bá pe èèyàn náà ló jẹ́. "Èmi" kan ò sí nínú lọ́hùn-ún.

Orí yẹn bí mi nínú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí bàbá mi kú, tí wọ́n yọ mí níléèwé. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ni mo fi fọ aṣọ nílé onílé, "Ìwọ yẹn" sì ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti padà kàwé, ọdún méje gbáko. Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀: "Sà, wọ́n pè mí ní Ìwọ yẹn, ẹnì kan sì wà nínú mi tí kò gbà. Ta ni?"

Lọ́jọ́ kejì ó dé, kò lè jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Ta ló ń bínú? Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ló ń wá. A ó jiyàn títí tíì á fi tutù. Ó sọ mí ní Alátakò. "Alátakò mi, ṣé o ti jẹun?" Tí mo bá ti gbọ́ "mi" yẹn, gbogbo ọkàn mi á rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ìyá mi gbọ́ nípa rẹ̀. "Ọkùnrin tí kò dá a lójú pé òun wà," ló wí, "ta ló máa wá tọrọ ẹ lọ́wọ́ mi?"

Àṣà Tíṣà ni pé ohun tó bá gbàgbé, etí ìwé ló ń kọ ọ́ sí, á wá fa ọfà sí ibi tí mo máa fi í sí. Ní orí karùn-ún, ó ń sọ ti ọkùnrin inú eré kan tó yá ẹ̀wù wọ̀ lọ kọnu sí obìnrin. Ó kọ ọ́ sí etí ibẹ̀ pé: "Bọ́ gbogbo aṣọ tí ayé fi wọ̀ mí, ẹni tó kù ló ń pè ọ́ yìí. Ṣé o máa fẹ́ mi?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin inú eré ni. Mo jowú obìnrin náà díẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ síbi tí ọfà kọjú sí.

Nígbà tí Tíṣà wá gbà á, kò tiẹ̀ ṣí i wò. "Ṣé o kà á?"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́ tán. Kò sí àṣìṣe kankan."

Ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ ṣé," ló wí. Ó ti padà sí "ẹ". Kò wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ méje àti ọjọ́ mẹ́ta ni. Èmi náà ò béèrè. Mo ti kọ́ láti kékeré pé a kì í béèrè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún oyè náà, gbogbo èèyàn ló lè wọlé, mo lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà wà níwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan ṣí ìwé.

"Mo mọ eré yìí bí ẹní mowó. Ọ̀rọ̀ yìí ò sí níbẹ̀." Ó kà á sókè. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?"

Ìgbà náà ló yé mi pé èmi ni Tíṣà kọ ọ́ sí. Tí Tíṣà bá ní àṣìṣe atẹ̀wé ni, òótọ́ ni, á sì bọ́ nínú wàhálà. Mo dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ṣe àṣìṣe..."

"Jókòó, Alátakò mi," ni Tíṣà wí. Ó kọjú sí àgbà náà. "Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀, sà."

"Èmi wo? Orí kẹta yín ní kò sí."

"Irọ́ ni orí kẹta pa."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀. "Á jẹ́ pé ẹ máa tún un kọ nìyẹn. Ọdún kan sí i."

"Mo gbà, sà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá mi níta. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú.

"Ìwọ ni atẹ̀wé?"

"Èmi ni, mà."

"O fi ọdún kan kún ìyà àbúrò mi." Ó nu ojú. "Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo ti gbà á tọ́. Ohun tí mo bá ní kó ṣe ló ń ṣe. Mi ò gbọ́ 'èmi ni' lẹ́nu ẹ̀ rí. Ó bi ọ́ ní ìbéèrè. Lọ dá a lóhùn, kó tó dákú sórí àtẹ̀gùn."

Mo bá a níbẹ̀.

"Mo rò pé o kọ̀ mí ni," ló wí.

"Mo rò pé obìnrin mìíràn lò ń bá sọ̀rọ̀."

"Obìnrin wo?"

"Tinú eré."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ní mo máa fẹ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ síta báyẹn rí.