Ìròyìn Kì Í Ṣe Oògùn

Ìbọn tún dún nítòsí òpópónà Warri sí Sapele. Alhaji Muhyideen ní kí aya àti ọmọ òun má dìde nílẹ̀ pálọ̀. Láti àárọ̀ ni Ràódàt, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ti nà gbalaja síbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, inú ń rú u, ó sì ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré.

"Ẹ̀rù ìjà yìí ló ń bà á," ni Sàlíhátù, ìyá rẹ̀, wí.

Ràódàt mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rù ìjà nìkan. Ó ti di ọdún méjì tí wọ́n ti rí àtọ̀gbẹ lára rẹ̀, láàárọ̀ lálẹ́ ló sì ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fẹ̀yìntọlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, mú ìwé ìròyìn kan wá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn dókítà òkè òkun mú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ínsúlíìnì láti ara òkú, wọ́n fi í sára àwọn alátọ̀gbẹ kan, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì gún abẹ́rẹ́ mọ́.

"Dem don find am," ni Fẹ̀yìntọlá wí, pé wọ́n ti rí oògùn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta oògùn kápúsù ní Jakpa Road. Ó búra pé àwárí yẹn gan-an ló wà nínú ìgò òun. Ràódàt rà á. Láti ọjọ́ Sátidé ló ti ń tú ínsúlíìnì rẹ̀ sínú koríko ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ kẹta rèé.

Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rù kò jẹ́. Ìgbà tó bì lẹ́ẹ̀kejì ló tó la ẹnu.

"Mama, I no dey take the injection. Since Saturday."

Ìyá rẹ̀ tó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn dáwọ́ dúró. Bàbá wo ọmọ, ó wo ilẹ̀kùn. Ilé kẹta ni Nọ́ọ̀sì Ìyádùnní ń gbé.

"Bàbá, ẹ má lọ," ni Ràódàt bẹ̀ ẹ́.

"Ta ni yóò wá lọ?"

Alhaji gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó jáde.

Ìbọn dún, ó tún dún. Ètè Sàlíhátù ń mì fún àdúà. Ràódàt wá mọ̀ pé irọ́ òun ló rán bàbá òun sáàárín ọta.

Ẹ̀yìnkùlé ni Alhaji àti Nọ́ọ̀sì Ìyádùnní gbà wọlé. Ọta ti ba Alhaji ní apá òsì, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin bùbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ tọ́jú ọmọ. Ìyádùnní gún ìka Ràódàt, ó kán ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà. Ṣúgà náà ti kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Kíá, ó fún un ní ínsúlíìnì tó gbé wá, ó sì so omi dírípù rọ̀ sí fèrèsé. Nígbà tí sójà la ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé bàbá àti ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ kẹrin nílé ìwòsàn, nígbà tí Ìyádùnní wá wò wọ́n, Ràódàt bi í bóyá irọ́ ni ìwé ìròyìn yẹn pa.

"Kò parọ́," ni Ìyádùnní dáhùn. "Ẹni tó ta kápúsù fún ọ ló parọ́. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ṣì ń dán an wò lára wọn. Tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, dókítà ni yóò sọ fún ọ. A kì í gbójú lé òjò tó ṣú, ká da omi inú àmù nù."

Ràódàt kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀. Dókítà ti ní apá òsì náà kò ní lè gbé ìdì aṣọ tí bàbá ń tà lọ sọ́jà mọ́.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ìbọn kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù, Ràódàt. Pé o ń kú lọ nínú ilé mi, o ò sì sọ fún mi, ìyẹn ni."

Ó yẹ kí aláìsàn ní ìrètí, ṣùgbọ́n ìròyìn kì í ṣe oògùn. Ẹni tó bá sì fi ewu tó wà lára rẹ̀ pamọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, òun nìkan kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀.