Àwo Méjì Tí Nǹkan Kan Kò Hù Nínú Wọn

Tínrín gbé àwo pẹlẹbẹ méjèèjì sún mọ́ fèrèsé, ó ń yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó yẹ kí bakitéríà ti hù sínú àwo kìíní, kí èkejì sì ṣófo. Ṣùgbọ́n méjèèjì ló mọ́ tónítóní.

"Kí ló dé?" Ẹlẹ́nu, ọ̀rẹ́ rẹ̀, béèrè.

"Gbogbo wọn ló kú."

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù o." Bó ti sọ ọ́ tán ló fọwọ́ bo ẹnu. Kò tíì pẹ́ tí ìyá Tínrín kú lójijì. "Má bínú, jọ̀ọ́."

"Kò burú."

Yàrá àyẹ̀wò tí Àǹtí, àbúrò bàbá Tínrín lóbìnrin, ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n wà. Àǹtí ló gbà á láàyè láti ṣe iṣẹ́ tí yóò gbé síwájú kíláàsì lọ́la. RNA kékeré kan, ọ̀kan lára àwọn èròjà inú ohun ẹlẹ́mìí, ni iṣẹ́ náà dá lé. Ọ̀pọ̀ RNA máa ń gbé ìlànà bí a ṣe ń ṣe púrótéènì, ṣùgbọ́n èyí kì í gbé ìlànà kankan. Nígbà tí ásíìdì bá ń yọ bakitéríà lẹ́nu, ńṣe ló máa ń lọ so mọ́ RNA mìíràn tó ti ká jọ, á tú u, kí bakitéríà lè ka ìlànà inú rẹ̀, kó sì fi ṣe ohun tí yóò dáàbò bò ó. Bakitéríà inú àwo kìíní ní RNA kékeré náà. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ti èkejì. Bí a bá kó méjèèjì sínú ásíìdì, ti àwo kìíní nìkan ló yẹ kó yè.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá yọrí nìkan ni yóò ṣojú iléèwé níbi ìdíje.

Ẹlẹ́nu nawọ́ sí àwo kan lórí pẹpẹ, èyí tí ásíìdì kò kàn rárá, tí bakitéríà kún inú rẹ̀. "Yọ bébà orúkọ tó wà lára àwo kìíní, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìyẹn. Ta ló máa mọ̀? Tíṣà fúnra wọn ò rí bakitéríà sójú rí."

Tínrín fi èékánná hú etí bébà náà. Ó ti yọ ọ́ dé ìdajì nígbà tí Àǹtí wọlé.

"Ṣé ó ti hù?"

Tínrín gbé àwo náà kalẹ̀. "Kò hù, Àǹtí. Mo fẹ́ fi ti orí pẹpẹ rọ́pò rẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Àǹtí fa àga, ó jókòó. "Sọ bí o ṣe ṣe é fún mi."

"Mo kó wọn sínú ásíìdì líle."

"O ò kọ́kọ́ fi wọ́n sínú èyí tó fúyẹ́?"

"Ó ń pẹ́ jù. Ẹlẹ́nu fẹ́ tètè máa lọ sílé."

"Wọ́n ti fà mí wọ̀ ọ́," Ẹlẹ́nu kùn lábẹ́lẹ̀.

Àǹtí mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ọpẹ́ o. Mo rò pé bakitéríà tí mo ti ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí ló bàjẹ́. RNA yẹn kì í pọ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Ìgbà tí ásíìdì díẹ̀ bá kàn wọ́n ni wọ́n tó máa ń ṣe é dáadáa. Ìkìlọ̀ wọn nìyẹn. Wàhálà ńlá tó bá dé lójijì kì í jẹ́ kí wọ́n rí àyè múra."

"Bíi ti Màámi," Tínrín wí jẹ́jẹ́.

Àǹtí gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bíi ti Màámi."

Lọ́jọ́ kejì, Tínrín dúró níwájú kíláàsì pẹ̀lú àwo òfìfo méjì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó sọ àṣìṣe rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ìdí tí gbogbo wọn fi kú. Olùkọ́ wò ó títí.

"Èmi gan-an ò mọ ìyẹn," ni wọ́n wí. "Lọ tún un ṣe. A óò dúró dè ọ́."

Ó tún un ṣe, kò sì kánjú. Nígbà tó ṣí ẹ̀rọ amúǹkan-lọ́wọ́ọ́wọ́ tí wọ́n fi ń mú bakitéríà hù, bakitéríà ti hù bo àwo kìíní. Ti èkejì kò tó nǹkan. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ká ní ó fi irọ́ bo àwo òfìfo náà ni, kì bá tí mọ ohun tó pa wọ́n láé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ tètè máa jẹ́wọ́ àṣìṣe yín: èyí tí a bá fi pamọ́, kò sí ẹni tó lè báni tún un ṣe.