Agbẹnusọ Tó Gbọ́ Ìdajì Ìwé

Ẹni tó bá ti gbé aṣọ lọ fún alágbàfọ̀ rí mọ bí ṣọ́ọ̀bù wọn ṣe máa ń rí: ooru áyọ́ọ̀nù, òórùn sítáàṣì, aṣọ funfun tí wọ́n fi kọ́ káàkiri bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba àlejò. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn obìnrin méjì tó ni ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àbúrò ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ níwájú.

Agbẹnusọ ni àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n. Bí iná bá bàjẹ́, òun ni wọ́n ń rán. Bí àwọn onílé bá fẹ́ fi owó kún owó ilé, òun ló ń lọ bá wọn fà á. Obìnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Ó sì fẹ́ràn kí wọ́n máa gbọ́ òun nìkan, ìyẹn náà, ẹ jẹ́ ká má purọ́.

Àbúrò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ látàárọ̀, wáyà fóònù wà létí rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé orin ló ń gbọ́, wọ́n bá sọ ọ́ ní Oníwáyà. Kì í ṣe orin. Ìwé ló ń gbọ́, ìwé tí ẹnìkan ti jókòó kà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ilé ìkàwé ìlú ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ sórí fóònù. Èyí tó dá lórí ọ̀rọ̀ ìjọba ló fẹ́ràn jù: bí wọ́n ṣe ń ṣòfin, ibi tí owó orí ń lọ, ẹ̀tọ́ tí ará àdúgbò ní.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tí tíṣà kan wá gba ṣáàtì, tó ń ráhùn pé káńsù ti sàmì sí ògiri òun láti wó o. Oníwáyà yọ orí jáde láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fún yín níwèé ìkìlọ̀ kí wọ́n tó sàmì sí i." Tíṣà bi wọ́n. Wọn ò fún un. Ògiri rẹ̀ ò wó. Ó ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Láti ìgbà náà, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú tábìlì áyọ́ọ̀nù kọjá.

"Ẹ káàsán o, Agbẹnusọ. Oníwáyà ńkọ́?"

"Èmi tẹ́ ẹ bá níbí ńkọ́? Ṣé òpó ni mí?"

"Ó tì o. Mo kàn fẹ́ bi í ní nǹkan kan ni."

Owú dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n pọ̀n dàgbà, tó kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń po sítáàṣì, òun ni gbogbo ayé wá ń wá kiri. Bí ẹnìkan bá yin Oníwáyà, áyọ́ọ̀nù á le lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Kọ́là ṣáàtì kan tilẹ̀ jóná.

"Yọ wáyà yẹn létí kó o lè máa gbọ́ nígbà tí mo bá ń pè ẹ́."

"Ẹ má bínú, àǹtí mi. Ẹ̀ bá gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn."

"Èmi? Kí fóònù máa wá kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ?"

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí ìròyìn fi dé pé káńsù fẹ́ ṣòfin tuntun. Wọ́n ní omi ọṣẹ ń ba gọ́tà jẹ́, nítorí náà kí gbogbo alágbàfọ̀ kó kúrò láàárín ilé gbígbé. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ pe ará ìlú jọ, kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹnìkan ṣoṣo tó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Bí òfin náà bá kọjá, ṣọ́ọ̀bù ti parí nìyẹn. Kò síbòmíràn tí wọ́n lè kó lọ, inú ṣọ́ọ̀bù yẹn sì ni ọmọ àwọn méjèèjì ti ń jẹun.

Àwọn alágbàfọ̀ ṣèpàdé. Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Lójú tèmi, kí Oníwáyà bá wa sọ ọ́."

Oníwáyà yára fèsì, "Rárá, bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa sọ ọ́. Èmi ò lẹ́nu láwùjọ."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ rere ló sọ? Ìyẹn gan-an ló wá dun ẹ̀gbọ́n jù. Ipò tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, àbúrò wá gbé e fún un bí ẹni ta á lọ́rẹ. Ó pinnu pé ohun tí Oníwáyà ń gbọ́, òun náà á gbọ́ ọ, òun á sì sọ ọ́ jù ú lọ.

Nígbà tí àbúrò gbé aṣọ lọ fún oníbàárà, tó fi fóònù sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mú un, ó ki wáyà bọ etí. Ìwé kan wà níbẹ̀ lórí ta ló láṣẹ lórí àdúgbò. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé èèyàn méjì ló máa jiyàn nínú rẹ̀, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọkùnrin ló ṣaájú. Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Àwọn tó ń gbé àdúgbò ló ni àdúgbò," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò. Ohun tí àwọn tó pọ̀ jù bá fẹ́, òun ni kó ṣẹ."

Ẹ̀gbọ́n ń mi orí, ó ń lọ aṣọ, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí. Ó dá a lójú pé àwọn ará àdúgbò tí òun ti ń jà fún látọjọ́ yìí ò ní dìbò ta ko òun. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ àbúrò, ó já wáyà kúrò létí. Obìnrin inú ìwé ò tíì lanu.

Lọ́jọ́ ìpàdé káńsù, Oníwáyà ní, "Àǹtí mi, ṣé kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín?"

"Mo ti mọ tèmi."

Ẹ̀gbọ́n dìde ní gbọ̀ngàn, ó sọ ọ́, ó sì dùn. "Àwọn tó ń gbé àdúgbò ló ni àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò." Àtẹ́wọ́ gba ilé kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ibi tí àbúrò rẹ̀ jókòó sí.

Alága káńsù ní, "A dúpẹ́. Ṣé ohun tí àwọn alágbàfọ̀ ń sọ ni pé kí àdúgbò dìbò, pé ohunkóhun tó bá jáde, wọ́n fara mọ́ ọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Onílé kan níwájú ní, "Ó parí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n tó wo àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn onílé ni. Àwọn tí omi ọṣẹ ń ṣàn kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn ló kún gbọ̀ngàn náà bámú. Àwọn alágbàfọ̀ ò ju orí bẹ́ǹṣì kan lọ.

Wọ́n ní kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ó bá àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta.

"Obìnrin inú ìwé yẹn," ó ní. "Kí ló sọ?"

Oníwáyà wò ó. "Ẹ gbọ́ ìwé mi?"

"Má wò mí bẹ́ẹ̀. Mò ń jowú ẹ ni. Wọ́n ń gba iwájú mi kọjá wá bá ẹ, ó sì ń dùn mí."

Àbúrò ní, "Èmi náà ń jowú yín. Ẹ kàn máa dìde ni, gbogbo ilé á dákẹ́. Bí èmi bá dìde, orúkọ ara mi á sá mọ́ mi lẹ́nu. Kí n lè ní ohun kan tẹ́yin ò ní ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìwé."

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde. "Sọ ìyókù fún mi."

"Obìnrin náà ní ìbò dára fún ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ìbò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó kéré, láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ tẹnu wọn, kí wọ́n sì fún wọn láyè láti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Ó ní ká máa bi ara wa: kí ló ń dani láàmú gan-an? Ṣé omi ni àbí alágbàfọ̀? Bó bá jẹ́ omi, ẹ ṣòfin fún omi."

"Òfin tibí náà sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé nìyẹn, kì í ṣe òfin. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe lọ gba àbá òfin náà ní káńsù. Ó wà níbẹ̀ pé ẹni tó bá ní ọ̀nà míì lè mú un wá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká ní a máa gbẹ́ kòtò tí omi wa á máa rì sí."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, ẹ̀gbọ́n dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Alága, mo fẹ́ gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ìdajì ìwé ni mo gbọ́ tí mo fi wá bá yín sọ̀rọ̀. Àbúrò mi ló gbọ́ ọ tán, òun ló sọ ìyókù fún mi."

"Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀," ni onílé yẹn wí.

Alága rò ó. "A ó kọ èyí náà sílẹ̀. Ẹ máa sọ ọ́."

"Omi ló ń bí yín nínú, ẹ sì jàre. A máa gbẹ́ kòtò. Ẹ dá àkókò fún wa. Ẹni tí kò bá gbẹ́ tirẹ̀, kẹ́ ẹ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ fi tèmi ṣáájú."

Wọ́n jiyàn títí. Níkẹyìn, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìbò kúrò, wọ́n sì fi kòtò sínú òfin. Ọwọ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bó níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀ dòní.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìwé tí à ń fetí gbọ́ dára. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, etí ń kọ́gbọ́n. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ ìwé àríyànjiyàn, ẹ gbọ́ tọ̀tún tòsì kẹ́ ẹ tó gbé e sẹ́nu. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, ẹ̀gbọ́n yìí sì fẹ́ẹ̀ ṣe ìkà náà fún ara rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó kọ ìwé náà àti ìgbà tó kọ ọ́. Ẹ lọ gba àbá òfin gan-an ní káńsù, ẹ̀tọ́ yín ni. Bí ẹnìkan nítòsí yín bá sì mọ ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, ẹ jowú rẹ̀ bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ bi í kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Alága tiwọn gbà kó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Tiyín lè má gbà.